Kí ló dé tí inú fi bí àwọn olólùfẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Texas A&M? Àlàyé lórí ọdún 2025 tó dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ka orúkọ ẹgbẹ́ 64 tí yóò du ife béèsìbọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Mẹ́tàlá nínú wọn wá láti inú Southeastern Conference, líìgì ẹlẹ́gbẹ́ 16 tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SEC. Ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ni wọn kò pè níbẹ̀: Missouri, South Carolina àti Texas A&M. Ti àwọn méjì àkọ́kọ́ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ti Texas A&M ló di ariwo, nítorí pé nígbà tí sáà náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, ẹgbẹ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to ẹgbẹ́ sí ipò, títí kan ìkànnì D1Baseball, fi sí ipò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Houston, ìlú tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jọjọ, kò ju nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ lọ nínú ọkọ̀ sí College Station tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Ẹni tó bá ń bá ará Texas ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní A&M, yóò ti gbọ́ nínú ariwo náà láìmọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe inú pápá ló ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbá eré yìí ní yunifásítì?

Ẹni tó bá mọ kíríkẹ́ẹ̀tì díẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi yé e. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìpele mẹ́sàn-án sì ni eré kan. Ajubọ́ọ̀lù a dúró sórí òkìtì kékeré kan láàárín pápá, a sì ju bọ́ọ̀lù líle láti nǹkan bí mítà 18 sí ẹni tó mú ọ̀pá dání. Ẹni yẹn ní láti gbá a lọ síbi tí wọn kò ti ní tètè rí i mú, kí ó sì sáré kan àmì mẹ́rin yí ká títí yóò fi padà síbi tó ti gbéra. Àmì-ayò kan nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù tó gbá bá fò kọjá ọgbà pápá, wọ́n ń pè é ní home run, kò sì sí ohun tí alátakò lè ṣe sí i mọ́. Ìkùnà pọ̀ nínú eré náà: ẹni tó bá gbá a dáadáa ní ìgbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni wọ́n ń kà á sí. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní SEC, òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gbá eré líìgì, mẹ́ta mẹ́ta pẹ̀lú alátakò kan náà, tó fi jẹ́ 30 ní sáà kan. Wọ́n ń gbá àwọn eré mìíràn kún un pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí nínú líìgì náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń yan ẹgbẹ́ 64, tí wọ́n ń pín wọn sí ọ̀nà 16, mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, ilé yá. Àwọn 16 tó bá kù yóò pàdé ní méjì méjì, àwọn mẹ́jọ tó bá sì yege ni yóò lọ sí ìlú Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska fún àṣekágbá. Ìdí nìyí tí olólùfẹ́ eré yìí kì í fi í sọ pé òun ń retí ife. Á ní òun ń retí Omaha.

Ta ni wọ́n ń pè ní Aggies?

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Texas A&M nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1876, inú orúkọ iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn ni Aggies sì ti jáde. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lé ní 70,000, àwọn tó sì ti jáde níbẹ̀ kì í fi ilé-ẹ̀kọ́ wọn ṣeré rárá. Ní Olsen Field, pápá béèsìbọ́ọ̀lù wọn, àwọn òǹwòran kan máa ń fẹ́ ìfóófò ọṣẹ sí afẹ́fẹ́ bí Aggies bá gba àmì-ayò wọlé. Bí ajubọ́ọ̀lù alátakò bá sì ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí kò tọ̀nà, tí ẹni tó mú ọ̀pá fi gba ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo pápá á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkarùn-ún fún un, wọ́n á máa kà á lọ títí yóò fi ju ọ̀kan tó tọ̀nà. Ká sọ tòótọ́, kò rọrùn fún ọmọ ogún ọdún láti dúró sórí òkìtì yẹn.

Ẹgbẹ́ náà ti dé Omaha lẹ́ẹ̀mẹjọ, àkọ́kọ́ ní 1951, ẹ̀ẹ̀kẹjọ ní 2024. Wọn kò gba ife rí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 24 àti ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2024?

Ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Jim Schlossnagle dé sí A&M láti TCU, yunifásítì mìíràn ní Texas, ní 2021, lẹ́yìn tí A&M ti jẹ́ kí Rob Childress, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, máa lọ lẹ́yìn sáà 16. Eré 29 ni Childress borí ní ọdún rẹ̀ ìkẹyìn, ó pàdánù 27, ó sì borí 9 péré nínú 30 ti SEC. Ní ọdún kan ṣoṣo, Schlossnagle gbé ẹgbẹ́ tó wó yẹn dé Omaha. Ní 2024, wọ́n dé àṣekágbá pẹ̀lú Tennessee, níbi tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì ti ń gba ife. Aggies borí nínú èyí àkọ́kọ́ ní 9 sí 5, wọ́n pàdánù èkejì ní 4 sí 1, wọ́n sì pàdánù ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ní 6 sí 5. Ife tí wọn kò gbà rí bọ́ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú àmì-ayò ẹyọ kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, akọ̀ròyìn kan bi Schlossnagle léèrè nípa ìròyìn pé yunifásítì Texas tó wà ní Austin fẹ́ gbà á. Inú bí i. Ó ní ìmọ̀-tara-ẹni-nìkan ni kí ènìyàn bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lákòókò yẹn, ó sì fi kún un pé nígbà tí òun gba iṣẹ́ A&M, òun gbà á kí òun má baà gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ láyé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú, ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Texas. Chris Del Conte, ọ̀gá àgbà eré ìdárayá ní Texas, ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ rí ní TCU, nítorí náà ìfẹ́ àárín wọn kì í ṣe tuntun.

Kí ẹni tí kò gbé Texas lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dùn wọ́n tó, ó yẹ kó mọ̀ pé orogún àtayébáyé ni ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì. A&M fi líìgì tí wọ́n jọ wà sílẹ̀ ní 2012, ó lọ sí SEC, ọ̀pọ̀ Aggies sì gbà pé àwọn ti bọ́ lábẹ́ òjìji Texas. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, Texas náà wọ SEC. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan láàárín ọjọ́ tó gba akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn àti ọjọ́ tó wọ ilé wọn.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan fi orúkọ sílẹ̀ láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lójú ẹsẹ̀, nípasẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní transfer portal. Trev Alberts, tó ti Nebraska dé ní oṣù kẹta láti wá di ọ̀gá àgbà eré ìdárayá ní A&M, ní láti tètè ṣe nǹkan. Michael Earley, tó ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní bí a ṣe ń lo ọ̀pá, ti fẹ́ bá Schlossnagle lọ sí Austin. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ ẹ, Alberts sì pè é padà, ó sọ ọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà kí oṣù kẹfà tó parí. Earley kò ṣe olórí ẹgbẹ́ yunifásítì ńlá kankan rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà dúró, ohun tí wọ́n sì ń wá lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbé wọn sí ipò kìíní?

Orúkọ ni wọ́n rí. Ipò tí wọ́n ń tò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ kò ní eré kankan nínú. Ohun tí ọdún tó kọjá sọ àti ẹni tó kù nílé ni wọ́n ń wò. Jace LaViolette, tó gbá home run 29 ní 2024, wà níbẹ̀. Gavin Grahovac, tó gbá 23 ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́ ní yunifásítì, wà níbẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù Ryan Prager, ẹni tí Los Angeles Angels ti yàn láti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, kọ̀, ó padà wá. Wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ tó pàdánù ife pẹ̀lú àmì-ayò kan, tí irú àwọn ọmọ wọ̀nyí sì kù nínú rẹ̀, ni yóò gbà á.

Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kà ni àwọn tó lọ. Braden Montgomery lọ sí Boston Red Sox gẹ́gẹ́ bí ẹni kejìlá tí wọ́n yàn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Evan Aschenbeck, tó máa ń wọlé wá parí eré, lọ. Chris Cortez náà lọ. Max Weiner, tó ń kọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù, bá Schlossnagle lọ.

Níbo ni nǹkan ti wá bàjẹ́?

Sáà kò tíì jìnnà tí Grahovac fi farapa ní èjìká, tí wọ́n ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lọ́dún náà. Shane Sdao, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n ń retí púpọ̀, kò jáde rárá nítorí ìpalára ti 2024. Èyí yí gbogbo ètò padà, nítorí pé nígbà tí Grahovac wà níbẹ̀, alátakò kò lè sá fún LaViolette. Nígbà tí kò sí mọ́, wọ́n lè máa ju bọ́ọ̀lù tí kò ṣeé gbá sí i, kí wọ́n sì dojú kọ ẹni tó tẹ̀lé e. Ẹni tí wọ́n rò pé yóò wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ máa yàn gbá a dáadáa ní nǹkan bí ìgbà 26 nínú 100. Ó ṣì gbá home run 18, gbogbo èyí tó gbá ní ọdún mẹ́ta jẹ́ 68, kò sì sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí ní A&M. Ṣùgbọ́n òǹwòran kì í rántí èyí nígbà tí ọmọkùnrin náà bá padà sórí ìjókòó láìgbá nǹkan kan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ líìgì pẹ̀lú ìjákulẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ilé Tennessee, àwọn tó gba ife lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì borí níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ kan tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó ti yé wọn báyìí. Ní oṣù kẹrin, wọ́n lọ sí Austin láti bá Schlossnagle pàdé. Eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n pàdánù níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé Austin nìkan ni, àwọn ènìyàn ì bá fara dà á. Missouri ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí Missouri dé College Station ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, wọ́n ti gbá eré 24 ní SEC, wọn kò sì borí nínú ẹyọ kan. Wọ́n borí Aggies ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n borí wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n borí wọn ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n lọ sílé, wọn kò sì borí ẹnikẹ́ni mọ́ ní líìgì títí sáà fi parí: mẹ́ta nínú 30, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní ẹni kìíní ní Amẹ́ríkà.

Ní ìdíje àṣekágbá SEC ní ìlú Hoover, Aggies borí Mississippi State àti Auburn. Nínú eré Auburn ni bọ́ọ̀lù ti ba LaViolette lọ́wọ́ tí eegun rẹ̀ fi ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì jáde ní ọjọ́ kejì láti bá LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, gbá. LSU borí. Bí sáà ṣe parí nìyẹn: wọ́n borí 30, wọ́n pàdánù 26, 11 nínú 30 ti SEC sì ni wọ́n borí. Ẹ fi wé 29 àti 27 tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ní kí Childress máa lọ.

Ṣé wọ́n rẹ́ wọn jẹ ni pé wọn kò pè wọ́n?

Àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀ ní Hoover, wọ́n ní ẹgbẹ́ tó borí Tennessee àti Auburn tó láti wà nínú 64. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ 29 wọlé nítorí pé wọ́n gba ife líìgì wọn. Ìgbìmọ̀ kan ló yan 35 tó kù. Ohun èlò tí ìgbìmọ̀ náà máa ń wò jù ni ìṣirò tí wọ́n ń pè ní RPI, nínú èyí tí ìdá 25 nínú 100 jẹ́ bí ẹgbẹ́ kan ṣe borí sí, ìdá 50 jẹ́ bí àwọn alátakò rẹ̀ ṣe borí sí, ìdá 25 tó kù sì jẹ́ ti alátakò àwọn alátakò rẹ̀. Wọ́n tún ń fi ìwọ̀n sí i: kí ènìyàn borí lóde níye lórí ju kí ó borí nílé lọ, kí ó sì pàdánù nílé wúwo ju kí ó pàdánù lóde lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Missouri mú lọ, ilé ni wọ́n ti pàdánù wọn. Kentucky ló kéré jù nínú àwọn SEC tó wọlé, eré 13 ni wọ́n sì borí nínú 30. Méjì péré ni wọ́n fi ju ti Aggies lọ, èyí ló sì mú kí orúkọ Missouri máa padà wá sẹ́nu gbogbo ẹni tó ń ṣe ìṣirò náà.

Ta ni àwọn olólùfẹ́ dá lẹ́bi?

Ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní kí wọ́n lé Earley, pé ẹgbẹ́ tó ní irú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò yẹ kó jẹ́ ibi tí ènìyàn yóò ti máa kọ́ iṣẹ́. Àwọn mìíràn kọjú sí Alberts: wọ́n ní ìbẹ̀rù transfer portal ló fi yan akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò wá ẹni tó dàgbà nínú iṣẹ́. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn dáhùn pé bí kò bá pè é, àwọn ọmọ ì bá ti tú ká, kò sì ní sí ipò kìíní tí ẹnikẹ́ni yóò máa sunkún lé lórí. Àwọn kan kò tíì kúrò lórí Schlossnagle, èyí sì le sí i nítorí pé ní ọdún náà gan-an, Texas borí 22 nínú 30, ó gba ipò kìíní SEC ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí UTSA, ilé-ẹ̀kọ́ San Antonio tí kò lókìkí tó wọn, lé Texas jáde ní Austin, ó tu àwọn Aggies kan lára, kódà a lè sọ pé òun ni ìdùnnú kan ṣoṣo tí wọ́n rí ní oṣù náà.

Lórí ọ̀rọ̀ kí wọ́n lé e tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, SEC fúnra rẹ̀ ti fi àpẹẹrẹ tó tako ara wọn lélẹ̀. Ní 2022, Ole Miss, ìyẹn yunifásítì Mississippi, pàdánù 14 nínú eré 21 àkọ́kọ́ ní líìgì, àwọn olólùfẹ́ sì ń pariwo pé kí akọ́nimọ̀ọ́gbá Mike Bianco máa lọ. Wọn kò lé e. Ole Miss ni ẹgbẹ́ tí wọ́n pè kẹ́yìn sínú 64, òun náà ló sì gba ife. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún sùúrù kì í gbàgbé èyí, ṣùgbọ́n ó máa ń gbàgbé pé ní ọdún tó tẹ̀lé e, 6 nínú 30 ni Ole Miss borí. Ní òdìkejì, akọ́nimọ̀ọ́gbá Chris Lemonis gba ife fún Mississippi State ní 2021, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ọdún méjì tó tẹ̀lé e kò dára rárá, wọ́n sì lé e ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2025 nígbà tí sáà ṣì ń lọ. Ẹgbẹ́ náà wọ inú 64 láìsí i, wọ́n sì gba Brian O'Connor láti Virginia.

Owó náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2023, A&M lé Jimbo Fisher, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wọn, wọ́n sì ní láti san owó àdéhùn tó lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là fún un. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹlòmíràn á dárúkọ Fisher.

Kí ló wà nílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn sáà náà?

Alberts kò lé Earley. Òun ni wọ́n fi sílẹ̀ láti darí ẹgbẹ́ ní 2026. Ṣùgbọ́n ọjà tí yóò ti wá agbábọ́ọ̀lù ti yàtọ̀. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni òfin ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ máa san owó fún wọn tààrà, tí kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ ní ọdún àkọ́kọ́ fún gbogbo eré ìdárayá pọ̀, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló sì máa ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ènìyàn 11.7 ni ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù lè pín láàárín ara wọn. Lábẹ́ àdéhùn tuntun, ó lè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọn kò bá ti ju 34 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ilé-ẹ̀kọ́ olówó lè kó agbábọ́ọ̀lù tó dára jọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, olówó sì ni A&M, ṣùgbọ́n olówó náà ni Texas, LSU àti Tennessee.

LaViolette àti Prager lọ sí ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Nígbà náà, Grahovac ṣì ní ọdún tó kù láti gbá ní yunifásítì, òun sì ni orúkọ tó tóbi jù tí Earley lè fi bẹ̀rẹ̀ bí èjìká rẹ̀ bá san.